Ìkòkò Tó Là Nídìí: Ìtàn Ewébẹ̀ Ẹ̀yìnkùlé ní Agbègbè Adja-Ouèrè

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé láti òkèèrè ni gbígbin ewébẹ̀ sínú àpò ọ̀rá, garawa tàbí táyà ti dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa náà máa ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní Tatonnonkon àti ní àwọn abúlé tó yí Adja-Ouèrè ká, ẹ̀yìnkùlé ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, lọ́wọ́ àwọn ìyá wa.

Ìkòkò tó bá ti là nídìí kò ṣeé se ọbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó dára fún ẹfinrin. Ojú ibi tó là ni omi ń gbà jáde, kí gbòǹgbò má baà rà. Wọ́n á bu ilẹ̀ pupa sí i, wọ́n á fi eérú díẹ̀ àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ gbígbẹ pò ó, wọ́n á sì gbé e sórí odó tó ti gbó, níbi tí ẹnu ewúrẹ́ kò lè dé. Omi tí a fi ṣan ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń bù sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí kànga jìn lórí ilẹ̀ pupa. Lórí ilẹ̀ amọ̀ dúdú àwọn Ọ̀họ̀rí, níhà Ìsàbà, ìdí mìíràn tún wà: omi a máa bo ilẹ̀ náà nígbà òjò, ilẹ̀ náà a sì máa là nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ohun kan wà tí àwọn òpìtàn kì í sábà kà sí. Ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí ọkọ. Ìkòkò jẹ́ ti ìyàwó. Ohun tí obìnrin bá gbìn sínú rẹ̀, òun ló ni ín.

Kí ló dé tí èyí kò fi sí nínú ìwé? Ohun tí ìjọba amúnisìn ń wá ni wọ́n kọ sílẹ̀. Ní 1895, àwọn Faransé sọ apá kan igbó mímọ́ àwọn ọba Àjàṣẹ́ di ọgbà ìdánwò irúgbìn. Ní 1922, wọ́n dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobè, nítòsí wa. Òwò epo ló jẹ wọ́n lógún. Pierre Verger, tó gba orúkọ Fátúmbí ní Kétu ní 1953, ṣe jù wọ́n lọ: ìwé rẹ̀ Ewé, tó jáde ní 1995, kó àkọsílẹ̀ 447 jọ. Síbẹ̀, ìlò ewé ni ó ń tọ̀, ẹnu àwọn babaláwo ni ó sì ti gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ta ló gbin ewé náà? Inú kí ni ó ti hù?

Ní ti àpò ọ̀rá dúdú, iṣẹ́ ọ̀pẹ kan náà ló sọ ọ́ di ohun tí ojú mọ̀. Inú àpò kékeré ni wọ́n ń gbin hóró tó ti hù sí fún bí oṣù 3 tàbí 4, kí wọ́n tó gbé e sínú àpò ńlá. Ó máa ń tó bí ọdún kan kí ó tó dé oko. Wọ́n ń lu ihò sí àpò náà. Ihò yẹn àti ibi tó là nídìí ìkòkò, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ní èrò tiwa, kò sí ohun àjèjì kan nínú rẹ̀ fún àwọn ìyá wa.

Orúkọ ló ń lọ lónìí. Akẹ́kọ̀ọ́ mọ « basilic », kò mọ ẹfinrin. Nítorí náà ni a ṣe ń ní kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ewé inú ìkòkò ilé wọn sílẹ̀ ní Nàgó, kí wọ́n sì bi ìyá àgbà léèrè ibi tó ti rí irúgbìn rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, abúlé tí ìyá àgbà ti wá sílé ọkọ ni wọ́n ń kọ.