Láti Orí Olúmọ dé Inú Yàrá Òkùnkùn

Láti 1830 tí Ṣódẹkẹ́ ti kó àwọn Ẹ̀gbá ọmọ Líṣàbí dé abẹ́ àpáta Olúmọ, ojú lásán ni ìlú Abẹ́òkúta fi ń ṣọ́ ọ̀nà. Orí àpáta náà, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti ń sọ ọ́, ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ń wo eruku ẹsẹ̀ ogun, nígbà tí Gezo ọba Dàhómì sì kó ogun dé ẹ̀bá odi ní ọjọ́ 3 oṣù Ẹrẹ́nà 1851, kò bá wọn lójú oorun. Ṣùgbọ́n bí ojú ti wù kó mú tó, kò lè la ọyẹ́ já: bí eruku aṣálẹ̀ bá ti bo Abẹ́òkúta, ẹni tó dúró ní ṣóńṣó Olúmọ pàápàá kò ní rí ibi tí Odò Ògùn gbà kọjá.

Ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ayé wá sọ di ẹ̀ṣọ́. Ní 1960 ni Theodore Maiman tan iná lésà àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, kò sì pẹ́ tí àwọn onímọ̀ fi ń rán ìtànṣán rẹ̀ lọ sọ́nà jíjìn, tí wọ́n ń ka àkókò tó fi lọ tó fi bọ̀, kí wọ́n lè mọ bí ohun tó kọlù ti jìnnà tó. Bí aago wọn bá fi ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan ṣì, ìwọ̀n á fi sẹ̀ǹtímítà 15 yẹ̀. Ta ni yóò gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde láìdán an wò? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Wọ́n a wá yàrá tí oòrùn kò wọ̀, wọ́n a kun ògiri rẹ̀ ní dúdú kí ìtànṣán má baà ta padà láti ibi tí a kò rán an, wọ́n a sì gbé pátákó tí wọ́n mọ iye ìmọ́lẹ̀ tó ń dá padà sí iwájú ẹ̀rọ. Bí yàrá bá kéré, wọ́n a ká okùn gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ jọ sórí tábìlì, nítorí kìlómítà kan nínú rẹ̀ ń dá ìmọ́lẹ̀ dúró bí ẹni tó rin kìlómítà kan àtààbọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Èyí ni ọgbọ́n tó wù mí jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ náà.

Iṣẹ́ fífi ìmọ́lẹ̀ ṣọ́ afẹ́fẹ́ kò jìnnà sí wa. Ní 1998 ni wọ́n gbé ẹ̀rọ tí ń wo oòrùn sí Yunifásítì Ìlọrin, lábẹ́ AERONET, ìsopọ̀ àwọn irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti àjọ NASA, kó máa fi bí ìmọ́lẹ̀ ti ń dín kù wọn eruku ọyẹ́. Ní ibùdó Goddard ní Maryland, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ a kọ́kọ́ dojú kọ ihò ara bọ́ọ̀lù ńlá kan tí inú rẹ̀ funfun gbòò, tí àtùpà ń tàn nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ti mọ iye ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Òkúdu àti Agẹmọ 2016, iṣẹ́ ìwádìí DACCIWA gbé lésà tí ń wọn ìrìn afẹ́fẹ́ lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Benin, ó sì ní ibùdó mìíràn ní Ilé-Ifẹ̀.

Abẹ́òkúta kò tíì sí nínú ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n láti àríwá ni ọyẹ́ ti ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé eruku tí Ìlọrin ti wọ̀n lónìí ni àwa Ẹ̀gbá yóò máa hú ikọ́ sí ní ọ̀la.