Kì í Ṣe Míníra Inú Ìgò

Màmá kan ní Ìlobùú ló là mí lójú. Àwọn kan ló gbé ìwé pélébé kan fún mi pé kí n sọ ọ́ di Yorùbá fún àwọn tí àrùn ìtọ̀ ṣúgà ti mú kí ẹsẹ̀ máa jó wọn. Fítámì àti míníra tó lè dín ìrora iṣan kù ni ìwé náà dá lé. Mo túmọ̀ rẹ̀, mo sì kà á sétí màmá yìí. Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu: “Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní kí n má mu míníra mọ́?”

Wọ́n jàre. Láti Ìlobùú dé Ìfọ́n, bí wọ́n bá pe míníra níbi ìkómọ tàbí òkú àgbà, ohun dídùn inú ìgò ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Mo pa á rẹ́, mo kọ àlùmọ́ọ́nì. Èyí náà kò bọ́ sí i, nítorí góòlù tí wọ́n ń wà ní agbègbè Iléṣà ló máa wá sọ́kàn ẹni tó bá gbọ́ ọ. Èyí tí mo fi sílẹ̀ nìyí: “èròjà tí irúgbìn ń fà láti inú ilẹ̀.” Ó gùn, ṣùgbọ́n kò ní ti ẹnikẹ́ni sídìí ìgò.

Pọtásíọ̀mù ló dẹ́rù bà mí jù. Iṣan ò lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Ọwọ́ atúmọ̀ yóò sì yára lọ síbi kán-ún, nítorí “potash” ni wọ́n ń pè é ní Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, sódíọ̀mù ló pọ̀ nínú kán-ún. Ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ti ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́, tó wá ń da kán-ún sí ọbẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ tí mo kọ, èmi ni mo ṣe é léṣe.

Fítámì ní tirẹ̀, mi ò fọwọ́ kàn án. Àwọn kan fẹ́ kí á máa pè é ní aṣaralóore, àmọ́ epo, ẹ̀wà àti ẹran náà ń ṣara lóore. Orúkọ òyìnbó ọ̀hún gan-an ti ní àtúnṣe nínú. Ní 1912, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Casimir Funk, so ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí ìyè mọ́ amine, orúkọ irú kẹ́míkà kan, ó pè é ní vitamine. Nígbà tó hàn pé gbogbo wọn kọ́ ló jẹ́ amine, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mìíràn, Jack Drummond, dábàá ní 1920 pé kí wọ́n gé “e” ìparí kúrò. Èyí tó kù ló dé ọ̀dọ̀ wa, ẹnu wa sì ti mọ́ ọn.

Iṣan gan-an ni ìṣòro. Ìlú òrìṣà ni Ìfọ́n, òrìṣà tó fi amọ̀ mọ ara ènìyàn ni wọ́n ń bọ níbẹ̀.  Nínú ara tí òrìṣà náà mọ yìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo là ń lò fún ohun tó ń gbé ẹ̀jẹ̀, ohun tó so ẹran mọ́ eegun, ohun tó ń fún apá lágbára, àti ohun tó ń gbé ìmọ̀lára. Iṣan ni gbogbo rẹ̀. Àwọn kan ti ń sọ pé iṣan ìmọ̀lára. Ó dáa, ṣùgbọ́n iṣan kan náà ló ń jíṣẹ́ fún ẹsẹ̀ pé kó gbéra. Nítorí náà ni mo ṣe kọ “iṣan òjíṣẹ́”. Ẹni tó mọ òjíṣẹ́ Ọlọ́run ti mọ ìdajì rẹ̀. Ìdajì yòókù, wáyà iná ni mo fi ṣàlàyé rẹ̀: fítámì B12 wà lára ohun tí ara fi ń tọ́jú rọ́bà tó bo wáyà náà. Inú ẹja, ẹyin, ẹ̀dọ̀ àti wàrà ló wà. Metformin, oògùn ìtọ̀ ṣúgà, lè dín in kù lára ẹni tó bá ti ń lò ó pẹ́, nítorí náà kí ẹni bẹ́ẹ̀ ní kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ òun wò.

Mo kọ̀ láti pe èyíkéyìí nínú àwọn fítámì yìí ní “oògùn iṣan”. Bí a bá pè é ní oògùn, ẹni tí ara ń ro yóò máa lò ó ní ìlọ́po. Fítámì B6, tó máa ń wà nínú àwọn B-Co kan tí à ń rà ní kẹ́míìsì, bó bá pọ̀ jù lára fún ìgbà pípẹ́, ó ń ba iṣan òjíṣẹ́ jẹ́ fúnra rẹ̀. Ibi tí àìtó fítámì bá ti jẹ́ okùnfà nìkan ni fítámì ti lè tu ènìyàn lára dáadáa. Gbólóhùn yìí ni mo tún kọ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, kó má bàa dún bí ìlérí.

Ó wá ku orúkọ àìsàn náà. Mo ti ní làkúrègbé lẹ́nu, ṣùgbọ́n oríkèé ni ìyẹn ń bá jà. Mo bi màmá pé báwo ló ṣe ń ṣe wọ́n. Wọ́n na ẹsẹ̀ síwájú mi: “Ó ti kú, n ò mọ̀gbà tí bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ mi. Tó bá wá di òru, òkú ẹsẹ̀ yìí náà ni yóò máa jó mi bí iná, bí ẹni pé èèrà ń rìn lábẹ́ rẹ̀.”

Mo pa ohun tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀ rẹ́. Ẹsẹ̀ tó kú tó sì ń jóni ni mo kọ sókè ìwé náà.