Ebi, Ọkọ̀ Ojú Irin àti Ìlà Gígùn: Bí Àwọn Ará Japan Ṣe Kọ́ Títò

Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2025, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni àwọn ènìyàn ti ń tò síwájú àwọn ilé ìtajà ní Tokyo àti ní àwọn ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Japan. Ìrẹsì ni wọ́n wá rà. Kì í tilẹ̀ ṣe ìrẹsì tuntun, ìrẹsì tí ìjọba ti kó pamọ́ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn de ọjọ́ ìṣòro ni. Ìrẹsì kílò márùn-ún tó ti wọ́n kọjá 4,000 yen lọ́jà ni wọ́n ń tà ní nǹkan bí 2,000 yen. Nínú oṣù yẹn kan náà ni mínísítà ètò ọ̀gbìn, Eto Taku, fi ipò sílẹ̀, nítorí ó sọ ní gbangba pé òun kò fowó ra ìrẹsì rí, pé àwọn alátìlẹ́yìn òun ni wọ́n ń fi ta òun lọ́rẹ. Inú bí àwọn ará ìlú gidigidi, síbẹ̀ wọ́n tò. Níbi púpọ̀, nọ́ńbà ni wọ́n gbà, ẹni tí kò rí nọ́ńbà gbà sì padà sílé.

Irú àwòrán ìlà bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníròyìn ayé fẹ́ràn láti máa gbé jáde nípa Japan. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ àti àkúnya omi òkun ti ọjọ́ 11, oṣù Kẹta, ọdún 2011, ẹnu ya ayé pé àwọn tó pàdánù ilé àti ẹbí ń dúró lẹ́yìn ara wọn láti gba omi àti oúnjẹ. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kan ti di àsọtúnsọ, pé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Japan ni sùúrù wà. Ọ̀rọ̀ ìyìn ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìtàn kò gbè é lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ìlà ní èdè wọn, gyōretsu, òun náà ni wọ́n fi ń pe ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ́ àwọn ìjòyè ńlá láyé àtijọ́. Láti ọdún 1635 ni ìjọba Tokugawa ti sọ ọ́ di dandan fún àwọn ìjòyè tó ń ṣàkóso àgbègbè kọ̀ọ̀kan, àwọn daimyō, láti máa lọ gbé lọ́dún kan ní Edo, ìlú tó di Tokyo lónìí, kí wọ́n sì padà sílé lọ́dún kejì. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìránṣẹ́ ló ń tẹ̀ lé ìjòyè kan, àwọn mẹ̀kúnnù á sì yà bàrá kúrò lójú ọ̀nà. Nínú ìlà yẹn, kò sí ohun tó ń jẹ́ pé ẹni tó kọ́kọ́ dé ni wọn yóò kọ́kọ́ dá lóhùn. Ipò ló ń sọ ẹni tí yóò ṣíwájú. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1862, oníṣòwò ará Britain kan, Charles Lennox Richardson, gẹṣin pàdé ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ́ Shimazu Hisamitsu ti ilẹ̀ Satsuma ní abúlé Namamugi, lẹ́bàá Yokohama. Kò yà fún wọn bó ti yẹ, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì fi idà ṣá a pa. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi Britain lọ yìnbọn lu ìlú Kagoshima nítorí rẹ̀.

Aago pàápàá kò tíì di ọ̀gá wọn nígbà náà. Willem Huijssen van Kattendijke, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi láti Netherlands tó ń kọ́ wọn níṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní Nagasaki láti 1857 sí 1859, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìfalẹ̀ wọn ń ya òun lẹ́nu, pé wọn kì í ka àkókò sí. Kì í ṣe pé wọ́n ya ọ̀lẹ. Wákàtí tiwọn ni kò rí bí ti òyìnbó. Wọ́n máa ń pín ojúmọmọ sí mẹ́fà, wọ́n á sì pín òru náà sí mẹ́fà, èyí tó mú kí wákàtí ọ̀sán gùn nígbà ooru, kó sì kúrú nígbà òtútù. Ta ni yóò ka ìṣẹ́jú márùn-ún sí níbi tí wákàtí fúnra rẹ̀ ti ń gùn tó sì ń kúrú?

Ìjọba Meiji tó gba àkóso lọ́dún 1868 kò fi nǹkan falẹ̀ rárá. Ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ láàárín Shinbashi àti Yokohama lọ́dún 1872. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní ọdún 1873, kàlẹ́ńdà òyìnbó rọ́pò ti àtijọ́, ọdún yẹn náà sì ni òfin tó ń fi dandan mú àwọn ọ̀dọ́kùnrin wọṣẹ́ ológun jáde. Ní 1886, Mori Arinori tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ mú yíyan bíi ti ológun wọ ilé ẹ̀kọ́. Títí di òní olónìí, kò sí ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Japan tí kò mọ àṣẹ "mae e narae": ọmọ náà á na ọwọ́ méjèèjì síwájú kó lè tò tààrà sẹ́yìn ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Àti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ ń ṣe níwájú olùkọ́ yàtọ̀ sí ohun tí àgbà ń ṣe lójú títì. Ní oṣù Keje ọdún 1918, nígbà tí ìrẹsì wọ́n, àwọn obìnrin etíkun Toyama ò tò fún ẹnikẹ́ni. Ńṣe ni wọ́n lọ dí àwọn oníṣòwò lọ́wọ́ kí wọ́n má kó ìrẹsì jáde nílùú. Rògbòdìyàn náà ràn káàkiri ilẹ̀ Japan, ìjọba kó ṣọ́jà síta, olórí ìjọba, Terauchi Masatake, sì kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án.

Ẹni tó wá fi ojú onímọ̀ wo bí èrò ṣe ń rọ́ lura wọn ni Terada Torahiko, onímọ̀ físíìsì ní yunifásítì ìjọba ní Tokyo. Ní 1922, ó kọ àròkọ kan lórí bí èrò ṣe ń kún inú ọkọ̀ ojú irin ìgboro. Kò jókòó sílé kọ ọ́. Ó lọ dúró ní ibùdókọ̀ Jimbocho pẹ̀lú aago, ó ń kọ àkókò tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan dé àti bí èrò inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ohun tó rí ni pé bí ọkọ̀ kan bá ti pẹ́ díẹ̀, èrò á ti pọ̀ dè é. Wọn á rọ́ wọ̀ ọ́, wíwọ̀ àti sísọ̀ wọn á sì tún mú un pẹ́ sí i. Èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní bá èrò púpọ̀ mọ́, ní fífúyẹ́ ni yóò máa sáré bọ̀. Síbẹ̀ àwọn ará Tokyo kì í dúró de ọkọ̀ kejì yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló kù kó dé. Ẹni tó ní sùúrù ló ń rí ibi jókòó sí. Àwọn tó ń kánjú ló ń fọwọ́ ara wọn dá ara wọn dúró.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé àròkọ náà, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1923, ilẹ̀ mì ní Tokyo àti Yokohama, àwọn tó kú sì lé ní 100,000. Àhesọ tàn kálẹ̀ pé àwọn ará Kòríà ń da májèlé sínú kànga, pé wọ́n ń dáná sunlé. Irọ́ gbuu ni. Àwọn ará àdúgbò kó idà àti ọ̀kọ̀ jáde, ọlọ́pàá àti ṣọ́jà náà lọ́wọ́ sí i, wọ́n sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Kòríà. Bí ìlà ọdún 2011 bá jẹ́ ẹ̀rí ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, kí ni ti ọdún 1923 jẹ́ ẹ̀rí sí? Àárín ìmìtìtì méjèèjì kò pé ọdún 88.

Ogun ló wá sọ ìlà di iṣẹ́ òòjọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1940, ìjọba pàṣẹ kí àwọn ìdílé tó wà nítòsí ara wọn para pọ̀ di ẹgbẹ́ aládùúgbò, èyí tí wọ́n ń pè ní tonarigumi. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1941, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi òṣùwọ̀n pín ìrẹsì ní ìlú ńlá mẹ́fà, nǹkan bíi gíráàmù 330 fún àgbàlagbà kan lóòjọ́. Àwọn obìnrin ló ń tò jù, nítorí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ti wà lójú ogun. Ẹni tó bá yà kúrò lórí ìlà, ojú àwọn aládùúgbò wà lára rẹ̀, àwọn aládùúgbò wọ̀nyí kan náà ni ìpín sì ń gba ọwọ́ wọn kọjá. Sùúrù tí ayé ń yìn yìí, àṣẹ wà nínú rẹ̀, ìṣọ́ni sì wà nínú rẹ̀.

Ogun parí lọ́dún 1945, ìlà kò parí. Ìpín kò tó jẹ mọ́, ó sì ń pẹ́ kó tó dé. Ebi kì í sì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn ó wọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ 19, oṣù Karùn-ún, ọdún 1946, nǹkan bí 250,000 ènìyàn péjọ síwájú ààfin ọba láti bèèrè oúnjẹ. Àwọn mìíràn kó aṣọ kimono wọn wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìgbèríko, wọ́n lọ fi pààrọ̀ ìrẹsì àti ọ̀dùnkún, bẹ́ẹ̀ òfin ò fọwọ́ sí i. Adájọ́ kan wà ní Tokyo, Yamaguchi Yoshitada, tó jẹ́ pé ẹjọ́ àwọn tó ra irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ló ń dá. Ó ní òun kò ní máa dá wọn lẹ́bi kí òun náà tún máa jẹ ẹ́. Ìpín tó tọ́ sí i nìkan ló ń jẹ, ó sì ń fi èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1947 ló kú, ọmọ ọdún 33. Ìlà tí kò sí oúnjẹ níwájú rẹ̀, ìyà lásán ni.

Ọrọ̀ ajé ló mú kí títò bẹ̀rẹ̀ sí í lérè. Ní 1955, èrò pọ̀ ní ibùdókọ̀ Shinjuku débi pé wọ́n gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ síṣẹ́ láti máa ti èrò wọnú ọkọ̀ kí ilẹ̀kùn lè padé. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọkọ̀ ń pọ̀ sí i, wọ́n sì fi ọ̀dà kun àmì sílẹ̀ ní ibùdókọ̀. Níbi àmì yẹn gẹ́lẹ́ ni ilẹ̀kùn ọkọ̀ yóò dúró, ọkọ̀ mìíràn sì ń bọ̀ láìpẹ́. Ẹni tó tò mọ̀ pé yóò kan òun. Nígbà Ìpàtẹ Àgbáyé ti Osaka lọ́dún 1970, èrò tó lé ní mílíọ̀nù 64 ló wá, wọ́n sì ń fi ọ̀pọ̀ wákàtí tò láti rí òkúta tí àwọn ará Amẹ́ríkà kó bọ̀ láti inú òṣùpá. Àkòrí ìpàtẹ náà ni ìlọsíwájú àti ìrẹ́pọ̀ ẹ̀dá ènìyàn, shinpo to chōwa. Àwọn aláwàdà yí i po di shinbō to chōda, ìfaradà àti ejò gígùn, nítorí ejò gígùn ni wọ́n máa ń fi ìlà wé.

Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, epo rọ̀bì wọ́n lágbàáyé, àhesọ sì jáde pé tíṣù tí wọ́n ń lò nílé ìgbọ̀nsẹ̀ yóò tán. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1973, àwọn obìnrin bí ọgọ́rùn-ún méjì sí mẹ́ta tò síwájú ilé ìtajà kan ní Senri, nítòsí Osaka, ọjà náà sì tán kíákíá. Lọ́jọ́ kejì, ní Amagasaki, kò sí ìlà mọ́. Èrò ti ara wọn lulẹ̀, ìyá àgbà kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún sì fi ẹsẹ̀ kán. Ohun tó yí padà láàárín ọdún mẹ́ta náà kò ju ìgbàgbọ́ pé yóò kan ẹni tó wà lẹ́yìn.

Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 20, oṣù Kejìlá, ọdún 2014, nígbà tí ibùdókọ̀ Tokyo pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Káàdì ìrántí 15,000 ni wọ́n fẹ́ tà. Wọ́n ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má sùn síbẹ̀, àwọn kan sùn síbẹ̀, iwájú ni wọ́n sì wà nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Àwọn tó pa òfin mọ́ rí i. Ariwo ta láàárín nǹkan bí 9,000 ènìyàn, wọ́n sì dá ọjà dúró. Nígbẹ̀yìn, wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ káàdì náà lè béèrè, káàdì tí wọ́n béèrè fún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù márùn-ún.

Ní báyìí, ìjọba ti ń bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n yé tò níbì kan. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kan ní Osaka bẹ̀rẹ̀ sí í rọ èrò pé, lórí àtẹ̀gùn tó ń fi iná mànàmáná gbéra, kí wọ́n dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹni tó ń kánjú lè rí ọ̀nà kọjá. Àṣà náà tàn, àwọn ará Osaka ń dúró sápá ọ̀tún, àwọn ará Tokyo ń dúró sápá òsì. Ní Tokyo, ìlà gígùn á wà nísàlẹ̀ láti dúró sápá òsì, apá ọ̀tún á sì ṣófo. Aláàbọ̀ ara tó jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló lè fi di nǹkan mú kò rí ibi dúró sí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, òfin ìpínlẹ̀ Saitama bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pé kí gbogbo ènìyàn dúró jẹ́ẹ́ lórí àtẹ̀gùn, ìlú Nagoya náà sì ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2023. Òfin Saitama kò fi ìjìyà kankan lélẹ̀ fún ẹni tó bá rú u. Àwọn ènìyàn ṣì ń tò sápá òsì níbẹ̀.