Ẹnu Ọlọ́jà àti Owó Olówó

Láyé àtijọ́, àgbẹ̀ tí kò rí ọmọ tí yóò jókòó ti ọjà rẹ̀ a máa kó iṣu tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà oko, a sì to òkúta wẹ́wẹ́ tì í. Iye òkúta yìí ló ń tọ́ka sí iye owó ẹyọ tí ó fẹ́ gbà. Èrò ọ̀nà tó bá fẹ́ rà á yóò ka òkúta, yóò ka owó lélẹ̀, yóò sì gbé ọjà lọ. Olóko lè má padà débẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Òtítọ́ inú àwọn baba wa ni a sábà máa ń fi ìtàn yìí yìn, ó sì yẹ kí a yìn ín. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà níbẹ̀ tí a kì í sábà kíyè sí. Àrokò ni òkúta yẹn. Láìlanu, ó sọ ohun tí à ń tà, ó sọ iye rẹ̀, ó sì sọ ibi tí a ó gbé owó sí. Ẹni tí kò gbọ́ èdè ìlú náà pàápàá lè rajà níbẹ̀ kí ó má ṣìnà.

Níbi tí ọjà bá ti ní ẹni tó ń kiri rẹ̀, ẹnu ni ó ń ṣe iṣẹ́ òkúta. Àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ wa ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ẹwà èdè inú ìpolówó ọjà, èmi náà sì ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹwà náà ti gbà wá lójú jù. Obìnrin tó ń kiri ẹ̀kọ láàárọ̀ gbọ́dọ̀ parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ó tó kọjá ẹnu ọ̀nà agboolé. Bí ó bá fa ọ̀rọ̀ gùn, oníbàárà á ṣì máa wá owó nígbà tí òun á ti wọ agboolé kejì. Nítorí náà, kò sí ọ̀rọ̀ tí ó fi ṣòfò. Bí ó bá ní ẹ̀kọ òun gbóná, òwúrọ̀ yìí ni ó sè é. Bí ẹlòmíràn bá ní mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje, ó ti fún olùgbọ́ ní ohun tí yóò fi dá òun lẹ́jọ́, nítorí ẹni tó bá tú ewé rẹ̀ lè wo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ìyá mi àgbà ta epo pupa ní Ìlọ́fà, ìlú tó jẹ́ olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Èrò ní ìpínlẹ̀ Kwara lónìí. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Yóò ṣí garawa, yóò ti igi bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, yóò rò ó sókè kí oníbàárà lè rí bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ inú rẹ̀ ti pọ̀ tó, lẹ́yìn náà ni yóò tó dá owó lé e. Mo máa ń rò nígbà náà pé ó ń ba ọjà ara rẹ̀ jẹ́.

Nígbà tí ìwé títẹ̀ dé, ó bá ọgbọ́n yìí nílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 1859, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn kan ní Abẹ́òkúta, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Ẹ wo orúkọ náà dáadáa: ó sọ ohun tí ó ń tà, ó sì sọ àwọn tí ó ń tà á fún. Ọgọ́fà owó ẹyọ ni ẹ̀dà kan. Ìfọ́le ọdún 1867 ló fòpin sí i.

Ọ̀rọ̀ oníbàárà kò le púpọ̀, nítorí ohun tó ń rà wà níwájú rẹ̀. Ẹni tó fi owó rẹ̀ síkàáwọ́ ẹlòmíràn fún òwò ni ọ̀ràn rẹ̀ le. Òun kò rí ẹ̀kọ, kò rí epo. Ọ̀rọ̀ nìkan ni ó rà. Àwọn baba wa mọ èyí, ìdí sì nìyẹn tí ẹ̀súsú fi rí bí ó ti rí. Samuel Johnson ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, William Bascom náà sì kọ àpilẹ̀kọ lé e lórí ní 1952. Iye kan náà ni oníkálukú ń dá, ọjọ́ ìdáwó kì í yẹ̀, ibi ìpàdé kì í yẹ̀, olórí wà tí a mọ ilé rẹ̀, ẹni kọ̀ọ̀kan a sì máa kó o nígbà tó bá kàn án. Gbogbo òfin rẹ̀ kò ju ohun tí ọmọdé lè há sórí lọ. Ẹni tí a bá fẹ́ rẹ́ jẹ nínú rẹ̀ yóò mọ̀ lọ́jọ́ tó yẹ kó kó owó rẹ̀ gan-an.

Báǹkì kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 1920, inú ń bí àwọn oníṣòwò aláwọ̀ dúdú ní Èkó àti ní Gold Coast pé báǹkì òyìnbó ń gba owó wọn pa mọ́ ṣùgbọ́n wọn kì í fẹ́ yá wọn. Ẹ̀sùn tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Winifried Tete-Ansa, ọmọ Gold Coast, wà lára àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ náà kiri pé kí ènìyàn dúdú ní báǹkì tirẹ̀. Industrial and Commercial Bank bẹ̀rẹ̀ ní 1929, ó sì wó ní 1930. Nigerian Mercantile Bank tẹ̀ lé e ní 1931, òun náà wó ní 1936. Ọ̀rọ̀ òmìnira dùn, ó sì jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n òmìnira kì í ṣe ìṣirò owó, ẹni tó kó owó lọ síbẹ̀ kò sì ní igi tí yóò fi rò ó láti ìsàlẹ̀. National Bank tí Akínọlá Májà, T. A. Doherty àti H. A. Subair dá sílẹ̀ ní 1933 ni kò wó. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn báǹkì kéékèèké tún hù bí olú, ọ̀pọ̀ wọn sì kú bí olú. Òfin báǹkì ọdún 1952 ló kọ́kọ́ sọ pé báǹkì ọmọ ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní £12,500 nílẹ̀, ti àjèjì £100,000.

A lè rò pé ìtàn àtijọ́ nìyẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ilé-iṣẹ́ aṣòwò owó gba gbogbo Nàìjíríà kan, wọ́n ń ṣèlérí èlé tí báǹkì kò lè san. Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ni mí ní yunifásítì nígbà náà. Mo wá sí Ìlọ́fà fún ìsinmi, mo sì bá aṣojú ọ̀kan nínú wọn ní ilé ìyá mi àgbà, níbi tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn obìnrin ti ń ṣèpàdé. Ìwé olójú mẹ́rin ló mú wá, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Wọ́n ní kí n túmọ̀ rẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ débi pé àwọn ìyá náà pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo wá Yorùbá tó gbámúṣé fún gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo tilẹ̀ fi òwe méjì kún un tí kò sí nínú ìwé náà.

Ìyá mi àgbà nìkan ló béèrè ọ̀rọ̀. Ó ní, “Kí ni wọ́n ń tà?”

Mo ní, “Màmá, owó ni wọ́n fi ń ṣòwò. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe kà á.”

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní ọmọ òun ló kà á, òun gbọ́. Ó dáwó pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kí ọdún tó yí po, ìlẹ̀kùn ilé-iṣẹ́ náà ti di títì pa, a kò sì rí aṣojú wọn mọ́. Kò bá mi wí rí títí ó fi kú. Ọjà epo rẹ̀ ló padà sí, èyí tó kéré sí ti àtẹ̀yìnwá.

Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Lọ́dọọdún, nígbà tí a bá dé orí iṣẹ́ ògbufọ̀, mo máa ń pín in fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìtumọ̀ rẹ̀ rárá, màá ní kí wọ́n fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn tó sọ ohun tí ilé-iṣẹ́ náà ń tà. Wọn a wá a lójú kìíní, wọn a ṣí i dé ojú kẹrin, lẹ́yìn náà wọn a gbójú sókè wò mí.