Igi Ọdán Ojúde Ọjà: Bí Ibòòji Ti Kúrò Nídìí Òwò Wa

Ẹni tí ó bá ti rìn ní òpópónà ọjà wa ní agogo méjì ọ̀sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ igi fi wọ inú ìwé ẹgbẹ́ wa lọ́dún yìí. Páànù ń jó lókè, ọ̀dà títì ń jó nísàlẹ̀, oníbàárà kò sì lè dúró pẹ́ níwájú ìsọ̀ ẹnikẹ́ni. Àwọn kan ń wí pé àṣà Òyìnbó ni igi gbígbìn sí ojú ọ̀nà ọjà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun ìní wa ni, kí ó tó bọ́ lọ́wọ́ wa.

Láyé àtijọ́, ojúde ààfin ni ọjà ọba máa ń wà, kì í sì í ṣe gbalasa lásán. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897, fi hàn níbẹ̀ pé igi abibòòji ni ó wà káàkiri irú ojúde bẹ́ẹ̀, tí òǹtajà ń pàtẹ sábẹ́ rẹ̀, tí tọmọdé tàgbà sì ń ṣe fàájì níbẹ̀ bí oòrùn bá rọ̀. (Ìwé náà gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ má dé ọwọ́ wa. Ó sọnù sọ́wọ́ àwọn tí ìbá tẹ̀ ẹ́. Dókítà Obadiah Johnson, àbúrò rẹ̀, ni ó tún un tò láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù, ó sì jáde ní 1921.)

Ọdán ni gbajúmọ̀ nínú àwọn igi wọ̀nyí, ọgbọ́n sì wà nínú yíyàn rẹ̀. Bí a bá gé ẹ̀ka rẹ̀ tí ó tó apá ènìyàn, tí a rì í mọ́lẹ̀ nígbà òjò, yóò ta gbòǹgbò. A kì yóò dúró de hóró. Bí ẹ̀ka náà bá sì gùn ju ibi tí ẹnu ewúrẹ́ lè tó lọ, ewé rẹ̀ bọ́ nínú ewu nìyẹn.

Kí ni ó wá mú un lọ? Ọjà ni ó ṣí kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ẹ wo Ìbàdàn. Nígbà tí rélùwéè láti Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1901, àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ra kòkó àti àwọn oníṣòwò ará Lẹ́bánónì kò tẹ̀ dó sí Ọjà'ba. Gbági àti Dùgbẹ̀, nítòsí ibùdókọ̀ rélùwéè, ni wọ́n kọ́lé sí. Bí owó ti kúrò lábẹ́ igi bọ́ sábẹ́ páànù nìyẹn.

Èkó ní tirẹ̀ ní igi ní etí ọ̀sà ní Marina, bí àwòrán àtijọ́ ti fi hàn. Ní àwọn ọdún 1970 ni wọ́n fi yanrìn dí etí omi náà láti la títì ọkọ̀ sí i. Láti 2008, nígbà Gómìnà Babatunde Fashola, ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti ya ọjọ́ 14 oṣù Keje sọ́tọ̀ fún igi gbígbìn.

Àwọn ọlọ́jà wa ní àròyé: gbòǹgbò ọdán ń la gọ́tà, ó sì ń la ògiri. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Lójú tèmi, kí ọdán wà ní ojúde ààfin níbi tí ààyè gbà á. Kí a sì fi dóńgóyárò, tí ó ti ilẹ̀ Íńdíà wá tí ó sì ń fara da ọ̀dá, sí ẹ̀bá títì, jìnnà sí gọ́tà. Gbígbìn kì í ṣe wàhálà, oṣù Karùn-ún tàbí Kẹfà ti tó. Ẹ̀ẹ̀rùn méjì àkọ́kọ́ ni ó le: garawa omi kan ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, láti ọwọ́ ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí igi náà.