Ta Ló Ń Tẹ Ẹ̀jẹ̀?

Wọ́n ń pín ìwé pélébé kan fún àwọn ọlọ́jà ní Akẹ̀sán, nínú ìlú Ọ̀yọ́. Àkọlé rẹ̀ ni "Ìwọ̀n Títẹ Ẹ̀jẹ̀ Gíga: Ohun Tó Yẹ Kí O Mọ̀." Mi ò ní dárúkọ àwọn tó tẹ̀ ẹ́ jáde, torí iṣẹ́ àánú ni wọ́n ń ṣe, owó ara wọn ni wọ́n sì ná. Àmọ́ ta ló ń tẹ ẹ̀jẹ̀? À ń tẹlẹ̀, à ń tẹ̀wé, à ń tẹ ènìyàn nífá. Ẹ̀jẹ̀ ni mi ò tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ̀ rí. Ìwọ̀n ńkọ́? Nǹkan a máa wà níwọ̀n, a sì máa kọjá ìwọ̀n. Kì í ga. Ká tó wá sọ ti "o" yẹn, tí wọ́n fi ń bá àwọn ìyálọ́jà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ wọn wí.

Ìyá àgbà kan tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ka àkọlé náà sí létí ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ jù lára òun, ó ní kí wọ́n bá òun fà díẹ̀ kúrò. Kò jẹ̀bi. Ohun tí "ìwọ̀n títẹ ẹ̀jẹ̀ gíga" wí nìyẹn létí ẹni tó gbọ́ Yorùbá: ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n wọ̀n, tó sì pọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀ pàápàá lè ní àrùn tí ìwé náà ń sọ.

Kí n yára kọjá lára àwọn ọ̀rọ̀ ìlera tí kò níjà nínú. Iyọ̀ ni iyọ̀, ẹ̀fọ́rí ni ẹ̀fọ́rí, òyì ni òyì. Dọ́kítà, nọ́ọ̀sì àti kẹ́mísì ti di ọmọ ilé, kò sí ẹni tó ń bi wọ́n níbi tí wọ́n ti wá mọ́. Kíndìnrín wọlé pẹ̀lú wọn. Àtọ̀gbẹ, ìkejì àrùn tí à ń sọ yìí, dùn létí ju orúkọ rẹ̀ nínú èdè èyíkéyìí tí mo gbọ́. Àwọn tí mo fẹ́ bá fa ọ̀rọ̀ kò ju mélòó kan lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru, orúkọ tí ọjà fúnra rẹ̀ sọ àrùn náà, tí ìgbìmọ̀ kankan kò jókòó lé lórí. Ìgbì òkun a máa ru, odò a máa ru lásìkò òjò, ìbínú a máa ru. Kí a má ṣe da ru yìí pọ̀ mọ́ rù tí a fi ń sọ pé ènìyàn rù kan eegun, tàbí rú tí a fi ń rúbọ. Ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tó wà nínú ru ni ìdìde: nǹkan tó ti wà nílẹ̀ jẹ́ẹ́ gbéra sọ, ojú gbogbo ayé sì rí i. Ẹwà ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni àléébù rẹ̀ wà.

Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá eléèlùbọ́ kan ní Akẹ̀sán nígbà tí nọ́ọ̀sì kékeré kan so ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá. Ó ka 178 lókè, 104 nísàlẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ̀jẹ̀ yín ń ru o."

"Ẹ̀jẹ̀ ta ni? Ọmọ mi, ara mi tutù pẹ̀sẹ̀. Ṣé o gbọ́ kí n pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni láti àárọ̀? Ìgbà tí iná jó ọjà yìí ni tèmi ru, ó sì ti rọlẹ̀."

Iná oṣù kìíní ọdún 2020 ló ń sọ, èyí tó jó Akẹ̀sán di eérú kí ìjọba ìpínlẹ̀ tó tún un kọ́. Ẹ gbé gbólóhùn ìyá yìí yẹ̀ wò dáadáa. Gírámà rẹ̀ pé. Ohun tó bá ń ru, olúwarẹ̀ á mọ̀ ọ́n lára. Ohun tó bá sì ru á rọlẹ̀, bí ìbínú ti í rọlẹ̀. Àrùn yìí kì í ṣe méjèèjì: ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bá rìn kò mọ nǹkan kan lára, ó sì lè wà pẹ̀lú ènìyàn fún ogún ọdún kó máa jẹ kíndìnrín àti ọkàn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe inú orúkọ rẹ̀ ló ń tan onílé jẹ.

Ṣé ká wá ju ẹ̀jẹ̀ ríru nù? Rárá o. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ìlú ti gbà kì í ṣe ohun tí onímọ̀ kan ń jókòó sí yàrá pa rẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé orúkọ àrùn ni, kì í ṣe orúkọ ohun tí ẹ̀rọ ń wọ̀n. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ohun yẹn ń fẹ́, torí nọ́ńbà ni, ọwọ́ ènìyàn ló sì fa ìlà rẹ̀. Ní ayé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládiípọ̀ Akínkùgbé ti Ìbàdàn gbé ìwé rẹ̀ lórí àrùn yìí láàárín àwọn ará Áfíríkà jáde, ní 1972, 160 lórí 95 ni ọ̀pọ̀ oníṣègùn fi ṣe ìlà. Ìlà náà wá sọ̀ kalẹ̀ sí 140 lórí 90, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣì ń lò. Ní 2017, àwọn oníṣègùn ọkàn ní Amẹ́ríkà tún fà á wá sí 130 lórí 80. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ru lánàá wá di ẹni tí tirẹ̀ ń ru lónìí, láìjẹ́ pé nǹkan kan yí padà lára rẹ̀. Irú ọ̀rọ̀-ìṣe wo nìyẹn?

Ọ̀rọ̀ tí mo fara mọ́ fún nọ́ńbà náà ni ipá ẹ̀jẹ̀. Mo ní ẹ̀rí. Stephen Hales, àlùfáà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ròyìn ní 1733 pé òun ki ọ̀pá bọ òpójẹ̀ ẹṣin kan, ẹ̀jẹ̀ sì gòkè nínú ọ̀pá onígíláàsì tí òun nà ró ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ lọ. Kò sí ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ipá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló gbé e gun òkè. Ipá ẹ̀jẹ̀ sì gba gbogbo ohun tí a fẹ́ fi kún un: ó lè ga, ó lè wálẹ̀ jù, ó lè ṣe déédéé. Ẹ gbìyànjú ìyẹn pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ẹ wò ó bóyá ẹ máa rí orúkọ fún ẹni tí tirẹ̀ lọ sílẹ̀ jù. Ìwọ̀n tí mo fi ń dán ọ̀rọ̀ tuntun wò nìyẹn: ṣé ó lè bí òdìkejì ara rẹ̀?

Wàhálà ipá ni àmì ohùn. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ láìfàmì sí i, bí ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé ti ń ṣe, ẹlòmíràn á kà á sí ipa, ojú ibi tí ẹ̀jẹ̀ kán sí, bí ìgbà tí ọdẹ ń tọ ẹran. Òmíràn á kà á sí ìpá, àwọn obìnrin á sì dá ìwé padà pé àrùn ọkùnrin ni. Oògùn ìyẹn kò ṣòro: kí wọ́n fi àmì sí i.

Àwọn kan ti ń lo ìfúnpá, tí wọ́n ń kọ ìfúnpá gíga káàkiri. Mo mọ bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀: ì-fún-ipá, ohun tó ń fúnni pẹ̀lú ipá. Àtòpọ̀ rẹ̀ kò burú. Àbùkù rẹ̀ ni pé ìfúnpá ti ní nǹkan tó ń jẹ́, ó sì ti ń jẹ́ ẹ kí ẹ̀rọ tó dé. Ẹ bi àwọn oníṣọ̀nà awọ ní Ọ̀yọ́ léèrè. Ìfúnpá ni oògùn tí wọ́n ń fi awọ bò, tí jagunjagun àti ọdẹ ń so mọ́ òkè apá, gẹ́gẹ́ bí ìgbàdí ti jẹ́ ti ìdí. Apá ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ipá. Ẹni tí ẹ bá sọ fún ní Akẹ̀sán pé ìfúnpá rẹ̀ ga, á fẹ́ mọ ẹni tó tú u wò.

Síbẹ̀ mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòfò, torí ẹni kan wà níbẹ̀ tó yẹ kó jogún rẹ̀. Aṣọ tí nọ́ọ̀sì ń wé mọ́ni ní òkè apá, tó ń fẹ́ títí á fi fún apá pinpin, kí ni à ń pè é? Riva-Rocci ará Ítálì ló gbé irú rẹ̀ jáde ní 1896; ó ń fún apá títí ìlù ọrùn ọwọ́ á fi dákẹ́. Korotkoff ará Rọ́ṣíà ló kọ́ wa ní 1905 pé ká fi ìgbọ́rọ̀ dọ́kítà tẹ́tí sí ìgbà tí ìró náà bá bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó bá parẹ́. Ìfúnpá ni aṣọ yẹn. Ibì kan náà ni wọ́n ń so ó mọ́, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe sí apá, ìdí kan náà ni: kí ikú má pa onítọ̀hún. Orúkọ dé bá olórúkọ láìjẹ́ pé a dá ohunkóhun.

Nọ́ńbà méjèèjì tí ìró yẹn ń fún wa, òkè àti ìsàlẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ń pè wọ́n, torí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sórí ìwé ni. Ní ọjà, mo ti gbọ́ àlàyé pé òkè ni ti orí, ìsàlẹ̀ ni ti ẹsẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òkè ni ipá ìgbà tí ọkàn bá fún ẹ̀jẹ̀ jáde, ìsàlẹ̀ ni ti ìgbà tó bá sinmi. Nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́, màá kọ ipá ìfúnjáde àti ipá ìsinmi. Lórí ìjókòó ọjà, kí òkè àti ìsàlẹ̀ wọn máa ṣiṣẹ́ lọ.

Òpójẹ̀ tí mo lò lẹ́ẹ̀kan ńkọ́? Àwọn kan ní òpó kì í ní ihò nínú, báwo ni ẹ̀jẹ̀ ṣe máa gbabẹ̀ kọjá. Èmi rò pé òpópó ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀nà tí èrò ń gbà. Bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, ó ṣì sàn ju iṣan lọ, tó ti ń ru ẹrù ohun mẹ́ta mẹ́rin nínú ara.

Rọpárọsẹ̀ ni mo fẹ́ fi ṣe fọ́ńté. Ó rọ apá, ó rọ ẹsẹ̀: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìdajì ara nìyẹn bí òpójẹ̀ inú ọpọlọ bá dí tàbí bẹ́. Ọ̀kan lára ohun tí ipá ẹ̀jẹ̀ gíga ń fà jù lọ sì ni. Nígbà tí àrùn tó ń sọ ọmọdé di arọ nílò orúkọ, èdè yìí kò yáwó. Ó fi ọmọ kún un, ó di rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀. Àwọn oníwàásù àjẹsára ń ké e káàkiri títí wọ́n fi kéde ní 2020 pé polio àdáyébá ti tán ní Áfíríkà. Ẹ wo gígùn rẹ̀, kò sì sí ìyálọ́mọ tó kọsẹ̀ lára rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ gígùn kì í rìn jìnnà kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa.

Ìtọ́jú ló kù. Àwọn oníwèé pélébé kọ "ìṣàkóso títẹ ẹ̀jẹ̀", bí ẹni ń ṣàkóso ìjọba ìbílẹ̀. Kápá ni ọ̀rọ̀ náà: apá mi ká a. Kò sọ pé àrùn lọ, ó sọ pé ọwọ́ wa ju tirẹ̀ lọ. Iyọ̀ tí kò kọjá ṣíbí tíì kan lójúmọ́, pẹ̀lú èyí tó fara pa mọ́ sínú magí, ìrìn, oògùn lójoojúmọ́. Ibi tí gbólóhùn ti ń pa ènìyàn ni "ẹ̀jẹ̀ mi ti wálẹ̀." *Ti* yẹn ti ilẹ̀kùn, olúwarẹ̀ sì gbé oògùn sílẹ̀. *Ń* ló yẹ: oògùn ń mú un wálẹ̀, ní àná, ní òní, ní ọ̀la.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí àwọn Onítẹ̀bọmi ti ń wo aláìsàn láti 1907, tí ilé ìwòsàn wọn ti di ti Yunifásítì Bowen, nọ́ọ̀sì àti aláìsàn ti ń túmọ̀ ìṣègùn fún ara wọn láti ẹnu fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Èdè-Ìperí, ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, bójú tó èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ó ṣe é dáadáa, àmọ́ kò dé wọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ti ìṣègùn, kó kọ́kọ́ lọ jókòó sí ìlú yẹn pẹ̀lú gègé. Mo gbọ́ níbẹ̀ tí nọ́ọ̀sì kan sọ fún bàbá kan pé, "Ẹ̀jẹ̀ yín ti ń gbọ́ràn sí oògùn lẹ́nu, sà." Ti ẹni tó tẹ̀ lé e kò gbọ́ràn, bẹ́ẹ̀ oògùn mẹ́ta ló ń lò. Àwọn dọ́kítà òyìnbó ní orúkọ pàtàkì fún irú èyí tí oògùn mẹ́ta kò kápá, ìwé Yorùbá kankan tí mo kà kò sì tíì ní in. Nọ́ọ̀sì náà kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ó kọjú sí dọ́kítà, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ olóríkunkun ni ti màmá yìí."