Àtíbàbà Orí Omi ní Douala

Ní ilẹ̀ Yorùbá, kì í ṣòro láti mọ ilé tí ìnáwó ti fẹ́ wáyé. Bí ọjọ́ bá ti ku ọ̀la, àwọn géńdé a gbẹ́ ihò, wọn a ri òpó mọ́lẹ̀, wọn a na igi lé e, wọn a sì fi imọ̀ ọ̀pẹ tàbí tapólì bò ó. Àlejò ni ẹni tí ó bá jókòó lábẹ́ àtíbàbà bẹ́ẹ̀. Bí ìnáwó bá sì parí, a ó tú u. Irú ìbòji yìí kan wà nínú ìtàn Douala ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Orí omi ni wọ́n ń ta á sí, ohun tí ó sì tẹ̀lé títú rẹ̀ kò kéré.

Bèbè odò Wouri ni Douala wà, níbi tí odò náà ti ń súnmọ́ òkun. Nítorí edé tí àwọn Potogí rí nínú rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1472 ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní odò edé, orúkọ náà ni ó sì di Kamẹrúùnù. Òjò ibẹ̀ ju mítà 3 lọ lọ́dún. Bí òjò bá sì dá, oòrùn kì í ṣàánú ẹnikẹ́ni. Nígbà òwò epo pupa àti eyín erin, ọkọ̀ òyìnbó a máa wà lórí ìdákọ̀ró níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀, nígbà mìíràn títí fi di ọdún kan. Àwìn ni wọ́n ń fi ọjà tà fún àwọn oníṣòwò Duala; àwọn wọ̀nyí a kó o sínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lọ sí òkè odò, wọn a sì fi epo dá a padà díẹ̀díẹ̀. (A kò gbọdọ̀ fi bò pé ènìyàn pẹ̀lú ni wọ́n ń tà ṣáájú epo.) Ta ni yóò jókòó sórí pákó ọkọ̀ fún oṣù mẹ́wàá láìní ìbòji?

Aṣọ ìgbòkun ni ó kọ́kọ́ wà ní ìkáwọ́ àwọn atukọ̀. Ó rọrùn láti ta: okùn ni a ó fi fà á le láti òpó sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ tí ó ń rẹ láàárọ̀ tí ó ń gbẹ lọ́sàn-án kì í pẹ́ jẹrà, owó rẹ̀ kò sì kéré. Nítorí náà ni ó fi di àṣà ní àwọn odò epo, láti Bonny dé Calabar àti Wouri, pé bí ọkọ̀ bá ti ju ìdákọ̀ró, wọn a sọ àwọn ọ̀pá òkè òpó kalẹ̀, wọn a na igi gbọọrọ kan láti òpó dé òpó bí ẹ̀yìn òrùlé, wọn a to àwọn ọ̀pá wẹ́wẹ́ dà sí ọ̀tún àti òsì, wọn a sì fi ẹní bo gbogbo rẹ̀.

Ẹní yìí kì í ṣe ti sísùn. Ewé ọ̀gọ̀rọ̀ ni a ń ṣẹ́ lé ọ̀pá kan lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a ó sì fi ẹ̀là tẹ́ẹ́rẹ́ gún un pọ̀. Láti ìsàlẹ̀ ni a ti ń so ó lọ sókè, kí ti òkè lè gorí ti ìsàlẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ, kí omi má bàa rí ibi wọlé. Bí ó bá gbó, a ó yọ èyí tí ó gbó, a ó sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Àwọn ará etí odò ni wọ́n mọ iṣẹ́ yìí, ọ̀dọ̀ wọn ni ẹní sì ti ń wá. Ibòji tí òyìnbó ń jókòó sí pàápàá, ọwọ́ onílé ni ó ti rà á.

Ìbòji náà fi ipò tí olúkúlùkù wà hàn. Kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí tà, ó ní láti san owó fún ọba Bell tàbí ọba Akwa. Àwọn Duala kò sì fẹ́ kí òyìnbó bá àwọn ará òkè odò ṣòwò tààrà, nítorí iṣẹ́ alágbàtà ni wọ́n ń jẹ. Nígbà tí ọkọ̀ eléèéfín bẹ̀rẹ̀ sí wá déédéé láti ọdún 1852, àwọn ilé òwò a fi ògbólógbòó ọkọ̀ sílẹ̀ lójú odò fún ibùgbé àti ìkẹ́rù sí, òrùlé rẹ̀ kò sì jẹ́ ohun títú mọ́. Àtíbàbà ti ń di ilé, ṣùgbọ́n ojú omi ni ó ṣì wà.

Àwọn ajíyìnrere Onítẹ̀bọmi, tí Alfred Saker wà lára wọn, ti wà lórí ilẹ̀ láti ọdún 1845. Àwọn oníṣòwò tẹ̀lé wọn pẹ̀lú ilé pákó àti páànù. Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje, ọdún 1884, Ndumbé Lobè tí í ṣe ọba Bell àti Dika Mpondo tí í ṣe ọba Akwa fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn ilé òwò Jámánì. Hewett, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kò dé títí di ọjọ́ 19. Ó wà nínú àdéhùn náà pé ilẹ̀ tí àwọn ará ìlú ń ro àti èyí tí wọ́n tẹ̀dó sí yóò wà lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín àti àrọ́mọdọ́mọ wọn. Ó dà bí ẹni pé àwọn ọba náà mọ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ bí àlejò bá gúnlẹ̀.

Ní ọdún 1910 ni ìjọba Jámánì gbé ètò kalẹ̀ láti kó àwọn Duala kúrò ní etí odò lọ sí New Bell, kí ibẹ̀ lè di ti òyìnbó nìkan. Ibà ẹ̀fọn ni wọ́n fi ṣe àwáwí. Rudolf Duala Manga Bell, ọmọ ọmọ Ndumbé Lobè, di ìwé àdéhùn 1884 mú. Ó kọ ẹ̀bẹ̀ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Berlin, ó sì rán akọ̀wé rẹ̀, Ngoso Din, lọ síbẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan àwọn méjèèjì, wọ́n sì yẹgi fún wọn ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ, ọdún 1914. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé gba Douala lọ́wọ́ Jámánì.

Ilé alájà tí bàbá Rudolf kọ́ ní ọdún 1905, tí wọ́n ń pè ní La Pagode, ṣì dúró ní Bonanjo títí di òní, tòun ti òrùlé rẹ̀.